Mítà Kẹta

Mùjíbátù fi ọ̀bẹ kékeré gé awọ dúdú ara wáyà náà yípo. Ó rọra fà á, awọ náà sì yọ láìṣe okùn bàbà kankan nínú rẹ̀ léṣe. Ó ti gé irú rẹ̀ kan tẹ́lẹ̀ ní òwúrọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n Ọ̀gá rẹ̀, Ẹnjiníà Ẹkúndayọ̀, dá a padà fún un nítorí pé ọ̀bẹ ti kan okùn bàbà mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó fi orúnkún méjèèjì di wáyà náà mú, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mí títí ó fi parí rẹ̀. Òógùn ń kán láti abẹ́ ìbòrí rẹ̀ sórí ọwọ́ rẹ̀. Ó nù ún mọ́ aṣọ, ó sì na wáyà náà sí Ọ̀gá.

Ọkùnrin náà gbé e lọ sẹ́bàá fèrèsé. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Èyí mọ́," ni ó wí. "Kó èyí tó ṣẹ́kù pamọ́. Wáyà tó gùn tó apá ènìyàn kì í ṣe ohun tí à ń jù nù."

Ọjọ́ Ẹtì kan ni, ní oṣù kẹta ọdún 1991, aago mẹ́wàá àárọ̀ kò sì tíì lù. Inú gbọ̀ngàn ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ rédíò kan ni wọ́n wà, ní Abà Akíntáyọ̀, lójú ọ̀nà tó ti Moniya lọ sí Ìjàyè. Ìgboro Ìbàdàn ni àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ti máa ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n abà yìí ni ẹ̀rọ ńlá tó ń gbé ọ̀rọ̀ wọn sínú afẹ́fẹ́ wà, òun àti òpó irin gíga kan tí wọ́n rì sáàárín oko ẹ̀gẹ́. Ẹ̀rọ náà ga ju ènìyàn lọ, ó sì fẹ̀ tó kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́ta tí wọ́n tò mọ́ra. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kò ti dún. Bàbá Sàníù tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ti yọjú lẹ́ẹ̀mejì láti bèèrè ìgbà tí yóò padà bọ̀ sípò. Ó ní láti ọjọ́ mẹ́ta, ohùn ìyàwó òun nìkan ni òun ń gbọ́ nínú ilé, kò sì sí bọ́tìnnì tí òun lè fi dín in kù.

Ohun tó bàjẹ́ kéré. Nínú ẹ̀rọ náà ni òkúta dídán kan wà tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Òun ni ó ń bí ìgbì àkọ́kọ́ tó ń gbé ohùn gba inú afẹ́fẹ́. Gbogbo ìyókù ẹ̀rọ náà, bó ti tóbi tó, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó gba ìgbì kékeré yẹn, kí ó sì sọ ọ́ di ńlá títí yóò fi lágbára tó láti dé etí àwọn tó wà lókèèrè. Òkúta yẹn ló kú. Òkè òkun ni wọ́n ti ń ra òmíràn, kò sì lè dé láàárín oṣù mẹ́ta. Nítorí náà ni Ọ̀gá ṣe lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí ní orílé-iṣẹ́, tí ó sì rí àpótí kan tí ẹnikẹ́ni kò lò níbẹ̀. Ekisáítà ni wọ́n ń pe irú àpótí bẹ́ẹ̀. Kò tóbi ju báàgì ìrìn-àjò kékeré lọ, ó sì lè máa bí ìgbì láti ìta fún ẹ̀rọ tí òkúta inú rẹ̀ ti kú. Orí itan ni ó gbé e lé nínú mọ́tò láti Ìbàdàn bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Iṣẹ́ ọjọ́ náà ni láti yọ òkúta tó kú kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n so ekisáítà mọ́ ipò rẹ̀, kí wọ́n sì wá ìwọ̀n agbára tó yẹ kí ìgbì rẹ̀ ní. Ìwọ̀n yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Gíláàsì ńlá kan wà nínú ẹ̀rọ náà tí wọ́n ń pè ní fáàfù. Bí ìgbì tó ń wọ inú rẹ̀ bá lágbára jù, àwọ̀n tín-ín-rín tó wà nínú rẹ̀ yóò jóná. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni Ọ̀gá fi fáàfù tuntun síbẹ̀, òun náà sì ni ìkẹyìn tó kù nílé-iṣẹ́ náà.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Mùjíbátù. Ìjàyè ni bàbá rẹ̀ ti ń dáko àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Òun nìkan ni obìnrin ní kíláàsì rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tó ń lọ, ọ̀sẹ̀ méjìlá sì ni ilé-ẹ̀kọ́ fún un láti wá kọ́ṣẹ́ ní Abà Akíntáyọ̀. Ọjọ́ Ẹtì yìí ni ó parí. Fọ́ọ̀mù kan wà nínú báàgì rẹ̀ tí Ọ̀gá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí pé ó ṣiṣẹ́ náà pé. Bí fọ́ọ̀mù yẹn bá dé ọwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ Ajé, wọn yóò kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí yóò ṣe ìdánwò àṣekágbá ní oṣù kẹfà. Bí kò bá dé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ṣe é, òun yóò sì dúró di oṣù kọkànlá.

Kò ronú rí pé Ọ̀gá kò ní fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ tó ti dé ni ó ti ń wo ọkùnrin náà bí ẹni ń wo ìwé. Ẹnjiníà Ẹkúndayọ̀ kì í pariwo, kì í sì í sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti ṣe akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ àwọn onígẹdú nígbà èwe rẹ̀ kó tó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ láti inú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i nínú lẹ́tà, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, fún ọdún mẹ́rin. Kó tó fọwọ́ kan inú ẹ̀rọ, yóò bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, yóò bọ́ òrùka ìgbéyàwó, yóò sì ká apá ẹ̀wù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Yóò fi ọwọ́ òsì sẹ́yìn, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni yóò sì fi ṣiṣẹ́, kí iná má baà rí ọ̀nà gba àyà rẹ̀ kọjá. Mùjíbátù kò wọ òrùka, ṣùgbọ́n òun náà ti ń ká apá aṣọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ọ̀gá pe Mùjíbátù àti Wándé, ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ wákàtí sórí tábìlì, ó sì fi ìka tọ ojú ewé rẹ̀ lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ikán ti jẹ ìwé ìlànà ẹ̀rọ yìí tán kí n tó dé ibí," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin méjèèjì ti kọ èyí tó dára jù ú lọ. Mítà kẹta, mẹ́rìnlá. Mẹ́rìnlá. Mẹ́rìnlá. A ó yí ekisáítà sókè títí mítà kẹta yóò fi dé ibi tó wà nígbà tí ara ẹ̀rọ yá. Wándé, wo ìwé ọmọbìnrin yìí. Kò sí ibì kan tó ti fi rọ́bà pa nǹkan rẹ́."

Wándé ní bẹ́ẹ̀ ni. Òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ni, ó fi ọdún mẹ́rin ju Mùjíbátù lọ, ó sì fẹ́ràn àwàdà. Kò ṣàwàdà kankan lórí èyí. Mùjíbátù tẹ orí ba, ó ń ṣa ìgé wáyà nílẹ̀.

Ohun tí òun àti Wándé mọ̀, tí Ọ̀gá kò mọ̀, nìyí. Mítà mẹ́fà ni wọ́n gbọ́dọ̀ wò ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé. Márùn-ún wà níwájú ẹ̀rọ, níbi tí ènìyàn ti lè jókòó wò wọ́n. Ẹ̀yìn ni ìkẹta wà, nísàlẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ gbígbóná láti inú ẹ̀rọ ti ń fẹ́ lu ènìyàn lójú. Ènìyàn ní láti kúnlẹ̀ kí ó sì tan tọ́ọ̀ṣì kó tó rí i. Lọ́jọ́ tí Ọ̀gá fi fáàfù tuntun sí i, ó sọ fún àwọn méjèèjì pé kí wọ́n máa wo mítà kẹta dáadáa, nítorí pé òun kò tíì mọ ìṣe fáàfù náà, òun yóò sì nílò àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rán an lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ àkọ́kọ́, Mùjíbátù kúnlẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì. Mẹ́sàn-án ni abẹ́rẹ́ náà wà. Ó dé iwájú, ó sọ fún Wándé. Wándé rẹ́rìn-ín.

"Mùjí, ṣé o fẹ́ fẹ́ mítà yẹn ni? Kí ló ń mú ọ kúnlẹ̀ fún un?"

Ó ní mẹ́rìnlá ni mítà yẹn ti ń jẹ́ láti ìgbà tí òun ti débẹ̀, mẹ́rìnlá ni yóò sì jẹ́ títí òun yóò fi gba ìfẹ̀yìntì. Ó ní bí Mùjíbátù bá kọ mẹ́sàn-án, àwọn ará orílé-iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bi òun ní ìbéèrè tí òun kò ní ìdáhùn rẹ̀. Ó ní kí ó kọ mẹ́rìnlá, kí ó wá jẹun. Mùjíbátù mú bírò rẹ̀. Ó kọ mẹ́rìnlá.

Lọ́jọ́ kejì, kò kúnlẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ó ti ń kọ mẹ́rìnlá ti aago méjìlá, ti aago kan àti ti aago méjì papọ̀ láago mọ́kànlá, kí ó lè ráyè ka ìwé rẹ̀ fún ìdánwò. Lápapọ̀, ọjọ́ mọ́kànlá ni ó fi kọ mẹ́rìnlá. Àwọn mẹ́rìnlá náà dára lójú, nítorí pé ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára.

Ọ̀gá ti iná ẹ̀rọ pa. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó sì fi í sínú àpò ara rẹ̀. Ó mú ọ̀pá gígùn kan tó ní ìkọ́ bàbà lórí, èyí tí wáyà so mọ́ ilẹ̀, ó sì fi kan gbogbo ibi tí iná máa ń sá pamọ́ sí nínú ẹ̀rọ náà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa á. Ìkọ́ náà ta pàrà lẹ́ẹ̀kan. Mùjíbátù fò sẹ́yìn. Ọ̀gá kò fò. Ó fi kan ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kò ta mọ́, ó sì so ọ̀pá náà kọ́ síbẹ̀ kí ó má baà gbàgbé pé àwọn wà nínú ẹ̀rọ.

"Wọlé," ni ó wí fún ọmọbìnrin náà. "Ìwọ ni yóò so ó."

Wándé ti rò pé òun ni. Ó gbé tọ́ọ̀ṣì dání fún un.

Mùjíbátù yọ wáyà méjèèjì tó ti ara òkúta tó kú wá. Ọ̀gá ti kọ́kọ́ bi í pé kí ló dé tí wọn kò fi ní fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọbìnrin náà sì ti dáhùn pé bí òkúta náà bá jí lójijì, ìgbì méjì yóò máa jà nínú ẹ̀rọ kan, àwọn tó ń gbọ́ rédíò yóò sì máa gbọ́ súfèé lábẹ́ ọ̀rọ̀. Ó wé ẹnu àwọn wáyà náà. Ó gbé okùn àárín wáyà tuntun sí ibi tó yẹ, ó gbé irin gbígbóná lé e, ó sì fi òjé kàn án. Òjé náà yọ́, ó sì dì. Ọ̀gá wò ó láti òkèèrè.

"Àwọ̀ rẹ̀ ṣú. Kò gbóná tó kí o tó gbé irin kúrò. Yóò dì í mú lónìí, yóò tú lọ́la. Tún un ṣe."

Ó tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kejì, òjé náà ń dán bí ojú ẹja. Ó so àwọ̀n bàbà tó wà lẹ́yìn wáyà náà mọ́ ara irin ẹ̀rọ. Ó mú wáyà náà gba ihò kan tí kò fi ní kan ohunkóhun tó ń gbóná, ó sì ki í mọ́ ẹ̀yìn ekisáítà. Nígbà tó jáde, orúnkún rẹ̀ ti pọ́n. Ọ̀gá wọlé fúnra rẹ̀, ó fi mítà kékeré kan wo gbogbo ìdè náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò rí ohun tí yóò tún ṣe. Ó kàn mi orí sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ìyìn ńlá nìyẹn.

Ó yọ ẹ̀rọ náà kúrò lára òpó, ó sì so ó mọ́ àpótí kan tó máa ń gbé agbára mì, kí ohun tí wọ́n bá ń dánwò má baà jáde síta. Ó yọ ọ̀pá, ó ti ilẹ̀kùn, ó dá kọ́kọ́rọ́ padà sáyè rẹ̀. Ó tan fáànù inú ẹ̀rọ. Ó tan iná kékeré tó ń mú kí fáàfù móoru, ó sì wo aago ara ògiri fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko láìjókòó. Lẹ́yìn náà, ó pín iṣẹ́. Òun yóò wà níwájú, níbi bọ́tìnnì ekisáítà. Wándé yóò mú ìwé dání. Mùjíbátù yóò kúnlẹ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, yóò sì máa pe nọ́ńbà mítà kẹta sókè.

"Ní mẹ́rìnlá, a ó dúró," ni ó wí. "Máa pè é."

Mùjíbátù kúnlẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́ lù ú lójú. Abẹ́rẹ́ mítà náà ti gbọ̀n, ó sì ti ń gòkè.

"Méjì, sà. Mẹ́ta."

Ọ̀gá ń yí bọ́tìnnì náà díẹ̀díẹ̀.

"Mẹ́rin. Márùn-ún."

Láti ibi tó wà, ó lè rí Wándé ní igun ẹ̀rọ, ìwé ní àyà rẹ̀. Wándé ń wò ó. Ó rọra mi orí sọ́tùn-ún sósì, bí ẹni ń sọ fún ọmọdé pé kó má ṣe sọ̀rọ̀ níwájú àlejò.

"Mẹ́fà."

Ó rò ó pé bóyá mítà ni ó purọ́ lọ́jọ́ náà. Ó rò ó pé bóyá fáàfù náà lè gbà á. Ó rò ó pé fọ́ọ̀mù òun wà nínú báàgì, pé wákàtí mẹ́ta péré ló kù kí Ọ̀gá fọwọ́ sí i, àti pé bí fáàfù bá jó, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ pé ọwọ́ òun wà níbẹ̀. Wọn yóò ní ekisáítà ni kò dára.

"Méje," ni ó wí. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró."

Ọwọ́ Ọ̀gá dúró lórí bọ́tìnnì. "Kí lo rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan, sà. Mẹ́rìnlá yẹn kì í ṣe òótọ́."

Ọ̀gá yí bọ́tìnnì náà padà sí òdo, ó pa ekisáítà, ó sì ní kó jáde wá síwájú. Mùjíbátù jáde. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: pé òun wo mítà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pé mẹ́sàn-án ni òun rí, pé òun kọ mẹ́rìnlá, pé láti ọjọ́ náà òun kò wò ó mọ́. Kò dárúkọ Wándé. Kò sọ pé ẹnikẹ́ni rán òun.

"Ọjọ́ mélòó?"

"Mọ́kànlá, sà."

Ọ̀gá na ọwọ́, ó gba ìwé lọ́wọ́ Wándé. Ó ṣí ojú ewé mélòó kan. Ọwọ́ ìkọ̀wé méjì ló wà níbẹ̀, mẹ́rìnlá sì wà lábẹ́ méjèèjì.

"Wándé, ìgbà wo ni o kúnlẹ̀ wo mítà yìí kẹ́yìn?"

Wándé ní mẹ́rìnlá ló máa ń jẹ́ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀gá ní òun kò bi í bẹ́ẹ̀. Wándé ní òun kò lè rántí.

Ọ̀gá kò bú ẹnikẹ́ni. Ó jókòó fún ìgbà àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀, ó sì fi ìwé náà lé itan.

"Èmi náà yẹ kí n ti mọ̀," ni ó wí. "Kò sí ẹ̀rọ tó ń dúró lójú kan fún ọjọ́ mọ́kànlá. Mo rí ohun tó dára lójú, mo sì gbà á. Màá kọ ti èmi sínú ìròyìn pẹ̀lú." Ó dìde. "Mẹ́sàn-án tí o rí lẹ́ẹ̀kan kò tó fún mi láti fi fáàfù ìkẹyìn ta tẹ́tẹ́. A ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Gbé ìwé tuntun. Ohun tí ojú rẹ bá rí nìkan ni kí o kọ."

Iṣẹ́ tí ì bá gbà wọ́n ní ogún ìṣẹ́jú gbà wọ́n ju wákàtí mẹ́rin lọ. Wọ́n yí ekisáítà títí mítà kẹta fi dé márùn-ún, Ọ̀gá sì tan iná ńlá ẹ̀rọ ní ìwọ̀n tó kéré jù lọ. Ó fi ojú sí fèrèsé kékeré tí wọ́n fi ń wo fáàfù, ó ń ṣọ́ bóyá irin inú rẹ̀ yóò pọ́n. Mùjíbátù ń ka mítà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó ń rìn láti iwájú lọ sẹ́yìn, ó ń kúnlẹ̀, ó ń dìde. Wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ara ẹ̀rọ balẹ̀. Wọ́n tún un kà. Wọ́n gbé e sí mẹ́fà, wọ́n fi díẹ̀ kún iná, wọ́n sì tún dúró. Aago kan kọjá. Láti orílé-iṣẹ́, wọ́n fóònù pé aago mẹ́ta ni àwọn fẹ́ padà sórí afẹ́fẹ́. Ọ̀gá dá wọn lóhùn pé nígbà tó bá tó ni yóò tó, ó sì gbé fóònù sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Kò jẹun. Mùjíbátù náà kò jẹun, bẹ́ẹ̀ ni kò béèrè.

Bí ó ti ń kúnlẹ̀ fún ìgbà bí ogún, ó ṣe àkíyèsí ohun kan. Abẹ́rẹ́ mítà kẹta kì í dúró lójú kan. Bí ẹ̀rọ ṣe ń móoru sí i ni ó ń sún díẹ̀ sísàlẹ̀, bí ìbú abẹ́rẹ́ kan péré. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ọ̀gá rí i nínú ìwé, ó bèèrè bóyá ó dá a lójú. Ó ní kí Ọ̀gá wá wò ó. Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta náà kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó sì dìde pẹ̀lú ọwọ́ níbàdí.

"Òótọ́ ni," ni ó wí. Láti ìgbà náà lọ, kò tún lọ yẹ ohun tí ọmọbìnrin náà kọ wò mọ́.

Ní mẹ́jọ, agbára ẹ̀rọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ní mẹ́sàn-án, ó pé. Irin inú fáàfù ṣú gẹ́gẹ́ bó ti yẹ. Ọ̀gá gbé e díẹ̀ kọjá mẹ́sàn-án láti mọ ibi tí ewu ti bẹ̀rẹ̀. Agbára kò lé sí i, ṣùgbọ́n ara gíláàsì náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná kíákíá. Ó dá a padà lójú ẹsẹ̀.

"Mẹ́sàn-án," ni ó wí. "Ní mẹ́rìnlá, kò ní lò ju ìṣẹ́jú kan lọ kó tó jóná."

Wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n yọ ọ́ kúrò lára àpótí, wọ́n sì dá a padà sára òpó. Nígbà tí aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀, ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ti Ìbàdàn wọlé, ó gba inú ẹ̀rọ náà kọjá lọ sí òkè òpó, ó sì tàn ká orí oko. Wọ́n gbọ́ ọ láti inú rédíò kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó mọ́ gaara. Bàbá Sàníù fi orí wọ ilẹ̀kùn, ó ní kí Ọlọ́run fi èrè sí iṣẹ́ wọn, ìyàwó òun ti dákẹ́ láti gbọ́ ìròyìn.

Ọ̀gá ní kí Mùjíbátù mú fọ́ọ̀mù rẹ̀ wá.

Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ṣí bírò. Ibi tí ó yẹ kó fọwọ́ sí kọ́ ni ó kọ nǹkan sí. Ibi tí wọ́n ti béèrè iye ọjọ́ ni ó kọ ọ́ sí: ó ku ọjọ́ mọ́kànlá. Ó ní kí ó padà wá ní ọjọ́ Ajé kí ó wá ṣe é pé.

"Sà, ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù kẹ́yìn," ni Mùjíbátù wí. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́.

"Mo mọ̀." Ọ̀gá ti bírò rẹ̀. "Ọwọ́ rẹ dára ju ti gbogbo ọkùnrin tí ilé-ẹ̀kọ́ yín ti rán wá síbí lọ. Èyí tí o sọ lónìí ṣòro ju èyí tí o so lọ, mo sì mọ ohun tó ná ọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá fọwọ́ sí ọjọ́ tí o kò ṣe, èmi náà ti kọ mẹ́rìnlá nìyẹn."

Omi kún ojú Mùjíbátù. Ó gba fọ́ọ̀mù náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì ní ẹ ṣé, sà. Kò sọ ọ́ láti fi wá ojúrere. Nígbà tó yá, ó rí i pé òun kò lè kórìíra ọkùnrin náà, bó ti wù kó gbìyànjú tó.

Ọ̀gá gba kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn lọ́wọ́ Wándé. Ó ní ilé jẹnẹrétọ̀ ni yóò ti máa ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé, títí òun yóò fi rí i pé ó tún lè ka mítà. Lẹ́yìn náà ni ó fún àwọn méjèèjì ní rúlà àti bírò pupa. Wọ́n jókòó sí tábìlì kan náà, wọ́n sì fi ìlà pa gbogbo mẹ́rìnlá ọjọ́ mọ́kànlá náà rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú sì kọ orúkọ sí ti ara rẹ̀. Ní ojú ewé ìkẹyìn, Wándé gbé rúlà rẹ̀ sílẹ̀.

"O ò dárúkọ mi," ni ó wí, láìgbé ojú sókè.

"Èmi ni mo mú bírò dání, Bọ̀dá Wándé."

Ẹni tó ń ka ìtàn yìí lè máà rí inú ilé ẹ̀rọ rédíò láéláé. Ṣùgbọ́n yóò rí ìwé kan tí wọ́n ní kó kọ òtítọ́ sí nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wò ó. Yóò sì rí ẹnìkan tí yóò sọ fún un pé gbogbo ayé ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Kí ó mọ̀ pé nọ́ńbà tí ojú rẹ̀ kò rí, irọ́ ni, bó ti wù kí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára tó, àti pé ẹlòmíràn ń bọ̀ tí yóò gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì nítorí rẹ̀. Bí ó bá ti kọ ọ́ ná, kí ó sọ ọ́ kí abẹ́rẹ́ tó gòkè jù. Yóò ná an ní nǹkan. Mùjíbátù sọ ọ́ ní méje, oṣù márùn-ún ni ó sì ná an. Fáàfù náà kò jó.

Ní aago márùn-ún ọjọ́ náà, Mùjíbátù tan tọ́ọ̀ṣì, ó kúnlẹ̀, ó ka mítà kẹta, ó sì kọ ohun tó rí. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó kí Ọ̀gá pé ó di ọjọ́ Ajé, sà, Ọ̀gá sì dá a lóhùn pé kó má pẹ́ o. Ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó rìn gba àárín oko ẹ̀gẹ́ lọ sí oríta, ó sì na ọwọ́ sí mọ́tò àkọ́kọ́ tó ń lọ sí Ìjàyè.